Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Kọ́kọ́ Dáhùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ sún mọ́ra; ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá ògiri kan fẹ̀yìn tì. Ìtàn tí mo gbé wá fún yín yìí, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín òfìfo. Ẹni tó bá ti kọ́ èèyàn ní nǹkan rí, ì báà ṣe ìwé, ì báà ṣe aṣọ rírán, á dúró díẹ̀ láàrin ẹ̀rín rẹ̀, á họ orí, á wò yíká bóyá ẹnì kan ń wo òun. Ẹ ṣáà má kán mi lójú. Ọ̀rọ̀ tèmi kì í sáré, ṣùgbọ́n kì í sọnù sọ́nà.

Tíṣà kan wà, ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ yá gágá bí iná inú koríko gbígbẹ. Láàárọ̀, ọmọ kéékèèké ló ń kọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ tó o. Bó bá ti wọlé, tó ní, "Ta ló mọ̀ ọ́n?" ọwọ́ á ti yọ sókè bí olú lẹ́yìn òjò. Àwọn ọmọ á máa fò lórí ìjókòó, wọ́n á máa ké, "Èmi, Àǹtí! Èmi!" Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rárá ló tún máa ń ké jù. Níbẹ̀ ni tíṣà yìí ti kọ́ ohun kan tó gbà gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀rí ìyá rẹ̀ gbọ́: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á nawọ́, ẹni tí kò bá nawọ́, kò mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ó rọrùn, àbí? Ó rọrùn bí ẹní ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún un, kíláàsì àwọn àgbà tí kò rí ìwé kà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Tíṣà tó fi kíláàsì náà sílẹ̀ fún un kò tilẹ̀ dúró kó gba ìkíni. Ó ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó ní, "Àbúrò mi, má da ara rẹ láàmú. Orí àwọn yẹn ti gan. Ṣáà máa kọ ọ́ sójú pátákó, kó o máa bi wọ́n, kó o máa dá ara rẹ lóhùn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kí ẹ túká ní àlàáfíà."

Tíṣà wa rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ ijó ló ń ní ilẹ̀ kò tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ ná."

Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́. Yàrá tí wọ́n ń lò, yàrá àwọn ọmọ kéékèèké náà ni. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ wà láàrin wọn, géńdé tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á máa bá etí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ dìde, bẹ́ǹṣì á bá a dìde, ẹni tí wọ́n jọ jókòó á sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Onídìrí kan wà níbẹ̀ tí kóòmù kì í kúrò ní irun rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, àfi bó bá wọ kíláàsì. Aránbàtà wà níbẹ̀, alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, ọkọ ìyàwó tuntun kan náà wà níbẹ̀ tó máa ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí ilé rẹ̀ gbé.

Níwájú gbogbo wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ni Ìyá Bọ́tìnì máa ń jókòó sí. Bọ́tìnì, sípù àti òwú ìránṣọ ni Ìyá ń tà, òun ló sì dàgbà jù nínú kíláàsì. Ìyá ní ọgbọ́n kan: bó bá wà nínú yàrá yẹn, "ẹ" ló máa ń fi bá Tíṣà sọ̀rọ̀, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o", ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ wọn bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà báyìí, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì jẹun, àbí? Wo ọrùn rẹ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, ó yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó yá! Ta ló lè ka èyí?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Gbogbo ọrùn rọra yí sọ́dọ̀ Ìyá Bọ́tìnì. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó wá wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín sí i. Tíṣà dúró. Fáànù òkè ń yí, ó ń dún kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́. Alángbá kan gun ògiri lọ, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Tíṣà ka gbólóhùn náà fúnra rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún un. "Ẹ ṣeun o, Tíṣà! Ẹnu yín dùn!"

Báyìí ni ó ṣe ń rí lójoojúmọ́. Tíṣà gbé gbogbo ọgbọ́n àárọ̀ wá sí ìrọ̀lẹ́. Ó kọ́ wọn ní orin tí àwọn ọmọdé fi ń ka ìka ọwọ́. Wẹ́dà kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó mú kí gíláàsì fèrèsé máa gbọ̀n, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń já lójú wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti di, "Ta ló lè kà á?" kẹ́kẹ́ á tún pa. Ó mú súìtì wá, ó ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ni ín o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àánú wọn ṣe é, ó gbé súìtì náà lé Wẹ́dà lọ́wọ́ ṣáá. Wẹ́dà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Bọ́tìnì. Ìyá ní, "Kí ni màá fi súìtì ṣe? Ẹ fún àwọn ọmọdé." Ó gbé e fún Onídìrí. Onídìrí gbé e fún aránbàtà tó jù ú lọ, aránbàtà gbé e fún alágbàfọ̀, súìtì náà yí yàrá ká bí àlejò tó ń wá ilé, ó sì padà sórí tábìlì Tíṣà láìtú. Ojú rẹ̀ rí i. Ojú rẹ̀ rí i dáadáa o, ṣùgbọ́n ojú rí, ọkàn ò rí.

Nínú ọkàn tirẹ̀, ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀: àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wà lápá kan, àwọn tó ń mi orí wà lápá kejì, Ìyá Bọ́tìnì tó ń nu awò ojú wà láyè tirẹ̀. Kò sì sí ẹni tó mọ a yàtọ̀ sí b nínú gbogbo wọn. Ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Àṣé òótọ́ ni wọ́n sọ. Orí wọn ti gan."

Ó ń dùn ún, nítorí pé ó ti fẹ́ràn wọn. Kò sí òpópónà tó lè gbà kọjá kí ẹnì kan nínú wọn má ké sí i láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó sì mọ ohun tí kálukú wọn ń wá. Ìyá Bọ́tìnì ní ọmọbìnrin kan tó wà lókèèrè, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀, Ìyá á sì gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kan kó bá òun kà á. Ìyá kò fẹ́ràn ẹnu aládùúgbò yẹn rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé fi pè é. Ọ̀gá yìí, ẹ̀dá rere ni, àfi pé bọ́ọ̀lù orí tábìlì ti jẹ ẹ́ lọ́pọlọ. Ó ti ra tábìlì rẹ̀, ó ti ra àwọ̀n rẹ̀, yàrá tó máa gbé e sí nìkan ni kò ní. Téèpù ìwọnlẹ̀ kì í kúrò lápò rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó lè ka gbólóhùn kan nínú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó ní òun á tì í pa. Mi ò sọ pé inú mi á dùn o."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Mi ò kàn sọ pé inú mi á bà jẹ́ ni." Ó sì fa téèpù yọ díẹ̀, ó jẹ́ kó wọlé padà, fìrí.

Tíṣà jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Bí wọ́n bá ti kíláàsì yẹn, kò tún sí òmíràn nítòsí. Ìyá á máa gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò títí ayé. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, kò rí ohun tó lè ṣe mọ́, ó bá lọ di irun. Ó ní bí ojú bá máa ti òun lọ́la, ó kéré tán, kí irun òun dára.

Onídìrí gbé e jókòó, ó tẹ orí rẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó ti di apá ọ̀tún tán nígbà tí Wẹ́dà sáré wọlé láti òdìkejì títì, ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́ rẹ̀, dígí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú orí. Irun apá òsì bo ojú Tíṣà. Wẹ́dà kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ nǹkan o! Wọ́n ní ewúrẹ́ kan wọ ilé ìfowópamọ́, ó gun orí tábìlì máníjà, ó ní òun ò jáde!"

"Irọ́ ni!"

"Irọ́ kẹ̀? Òun ló wà níbí. 'Ewúrẹ́ náà kọ̀ jálẹ̀, ó sì jẹ…' Ó jẹ kí ni? Ó jẹ àga!"

Onídìrí fi irun sílẹ̀, ó já ìwé gbà. "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ń sáré ju ọ̀rọ̀ lọ. Ibo ni àga wà níbí? 'Ó sì jẹ òdòdó tó wà níwájú máníjà. Wọ́n ké sí ọlọ́pàá…' Ẹ̀yin ará ilé! Wọ́n ké sí ọlọ́pàá fún ewúrẹ́! 'Ọlọ́pàá bẹ̀ ẹ́ títí…'"

"Jẹ́ kí n ka ibi ọlọ́pàá! Èmi ni mo mú ìwé wá!"

"Ẹ ti ka ti ewúrẹ́!"

Wọ́n ń fa ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń kà á ní àkàpọ̀, nígbà tí òkìtì irun apá òsì yẹn rọra gbérí. Tíṣà dìde. Apá kan orí rẹ̀ dán bí ọ̀nà tuntun, apá kejì dúró ṣánṣán bí ìgbẹ́ tí wọn ò tíì ṣán.

"Ẹ̀yin," ó ní, "ẹ mọ̀wé?"

Wẹ́dà fi ìwé pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ọbẹ̀. "Tíṣà! Ẹ kú… ẹ kú irun o."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀yin náà ni," Onídìrí dáhùn. "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Èmi? Kí ló wá dé tí ẹ kì í dáhùn?"

Wọ́n wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí kì í forí rìn. Onídìrí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tíṣà, Ìyá ò tíì dáhùn kẹ̀! Ìyá wà níjòókòó, kí èmi ọmọ àná nàró, kí n ní mo mọ̀ ọ́n? Kí ni wọ́n máa pe ìyá tó bí mi?"

"Ọwọ́ Ìyá ni ìyá mi ti ń ra bọ́tìnì kí wọ́n tó lóyún mi," Wẹ́dà náà sọ. "Gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n. À ń dúró kí Ìyá bẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ ó jọ pé ìwé ò wọ̀ wọ́n lórí, ẹ mọ̀ pé àgbà ni wọ́n. A ò sì fẹ́ kó hàn."

Tíṣà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó já sí títì pẹ̀lú ààbọ̀ irun, ó ń sáré, Onídìrí ń ké tẹ̀ lé e pé, "Tíṣà! Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn fáráyé báyìí!" Àwọn èèyàn ń kí i lọ́tùn-ún, àwọn tó wà lósì sì ń sá fún un.

Ìyá Bọ́tìnì wà nídìí ọjà rẹ̀, ó ń to bọ́tìnì dúdú sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀. Ó gbójú sókè. "Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló lé ọ kúrò nídìí irun?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ẹ lè kàwé?"

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Rọra. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọdé gbọ́ ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láìpẹ́ yìí, èmi ni mo kà á. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀. Gbogbo ìgbà tí aládùúgbò mi bá ń kà á fún mi, á ní, 'Ọmọ yín ní kí ẹ fún ẹni tó ń bá yín kà á ní nǹkan jẹ.' Kò sí níbẹ̀ o! Mo wá a títí!"

"Kí ló dé tí ẹ kì í dáhùn ní kíláàsì, Ìyá?"

"Èmi?" Ìyá na ara sẹ́yìn. "Àgbà tó ń bá ọmọdé du ìdáhùn, kí ni wọ́n ń pe irú wọn? Àwọn ọmọ lò ń bi. Mo máa ń wẹ̀yìn, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti yọ̀ǹda. Àmọ́ kò yé wọn, àwọn ọmọ náà." Ó mi orí pẹ̀lú àánú. "Wẹ́dà yẹn ló dùn mí jù. Ara tó tó báyẹn, láìsí nǹkan nínú rẹ̀."

Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin bọ́tìnì. Ẹ̀rín gbé e, kò gbé e kalẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ! Àwọn ọmọ ń dúró de Ìyá, Ìyá ń dúró de àwọn ọmọ, òun tí wọ́n ní kó kọ́ wọn sì ti dá gbogbo wọn lẹ́jọ́ òmùgọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá sì ń sọ pé, "Bí o bá ti rẹ́rìn-ín tán, dìde lórí bọ́tìnì mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà rò pé òun ti rí oògùn rẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tó kéré jù ni á máa kọ́kọ́ dáhùn. Ta ló kéré jù?"

Ẹ gbọ́ ariwo! Onídìrí ní kì í ṣe òun, òun ti tọ́ àbúrò dàgbà. Alágbàfọ̀ ní ọjọ́ tóun ti ń lọ aṣọ, Onídìrí kò tíì mọ ohun tí aṣọ jẹ́. Ọkọ ìyàwó tuntun ní ẹni tó bá ti gbéyàwó kì í ṣe ọmọdé mọ́, kó tó yá ó ti mú ara rẹ̀ ju aránbàtà tó ní ewú lórí lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ìyá wọn wá jẹ́rìí. Tíṣà fi rúlà lu tábìlì, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ìyá Bọ́tìnì ló dìde. Ó na ọwọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ẹnu pa dé. Tíṣà rí i, ọgbọ́n sì wọ inú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ wọ fèrèsé. Ó gbé rúlà lé Ìyá lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ̀yin lalága wa. Ẹni tí ẹ bá fi èyí nà sí ni á dáhùn. Ẹ̀yin lẹ yọ̀ǹda, òun kò fò lé yín lórí."

Ìyá yẹ rúlà wò, ó dùn mọ́ ọn lọ́wọ́. "Wẹ́dà, mo yọ̀ǹda. Kà á."

Wẹ́dà kà á. Ìyá la ẹnu sílẹ̀. "Haà! Àṣé nǹkan wà nínú rẹ̀!" Ó nà án sí Onídìrí, Onídìrí kà á bí ẹni ń já ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó yí dé orí Ìyá fúnra rẹ̀, tí òun náà kà á, Wẹ́dà dìde, bẹ́ǹṣì dìde, aránbàtà ṣubú, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. "Ìyá mọ̀wé! Ìyá wa mọ̀wé o!"

Bí wọ́n ṣe túká, Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kò bà á lẹ́rù mọ́. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́bọ̀ dé, alábòójútó náà dé. Ọkọ̀ rẹ̀ dúró lábẹ́ fèrèsé, dírẹ́bà rẹ̀ fara ti ọkọ̀, ó ń wo inú yàrá. Ọ̀gá àgbà ló ṣáájú àlejò wọlé, téèpù lọ́wọ́. Alábòójútó tẹ̀ lé e: arúgbó ni, tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú bí òwú, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí kò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti ń bẹ kíláàsì wò. Ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá lórí bẹ́ǹṣì kékeré. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó: *Mo ra bàtà tuntun, ó ń ta mí lẹ́sẹ̀.* Ó yíjú sí Ìyá. "Alága, ó yá o."

Ìyá Bọ́tìnì dìde pẹ̀lú iyì. Ó gbé rúlà sókè, ó ń wá ẹni tó máa nà án sí, ojú rẹ̀ bá kan irùngbọ̀n funfun yẹn. Rúlà rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá," ó ní, ó sì padà jókòó.

Kẹ́kẹ́.

Gbogbo ọrùn yí sẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí alábòójútó. Fáànù ń dún. Alábòójútó wúkọ́ díẹ̀, ó wò wọ́n, wọ́n wò ó. "Ṣé kò sí ẹni tó lè kà á ni?" Ẹ̀rín nìkan ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó mi orí. Ọ̀gá àgbà ti gbé ẹnu téèpù kan ògiri, ó ń fà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bó bá jẹ́ ti ìjẹta ni, Tíṣà ì bá ti ka gbólóhùn náà fúnra rẹ̀, ì bá sì ti lọ máa sunkún. Ṣùgbọ́n ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́tẹ̀ yìí, ó sì rí i pé ìdáhùn ti kún ẹnu gbogbo wọn bí omi kún ẹnu ẹni tó ń fọyín. Ó mú rúlà, ó gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú àlejò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ kà á, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbí."

"Èmi? Èmi tí mo wá bẹ̀ wọ́n wò?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, sà. Ọ̀wọ̀ yín ló dí wọn lẹ́nu."

Ojú alábòójútó tún le sí i, àmọ́ kì í ṣe nítorí ìwé. "Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni mo dàgbà jù? Ìyá yìí ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀!" Ìyá Bọ́tìnì fò sókè. "Bàbá, ọmọdé ni mo jẹ́ sí yín. Ẹ wo irùngbọ̀n yín!"

"Irùngbọ̀n ìdílé wa máa ń tètè funfun ni! Ọdún tí wọ́n la títì tó wà níta yìí, ṣòkòtò péńpé ni mo ṣì ń wọ̀."

"Ọdún yẹn, inú ìyá mi ni mo wà!"

Dírẹ́bà kò lè mú un mọ́ra. Ó ti orí bọ fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹ dákun o, ẹ sọ fún mi lánàá pé ọdún yẹn lẹ gbéyàwó!"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà tú téèpù sílẹ̀, ó pa dé mọ́ ọn lọ́wọ́. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín tó fi di pé ìjókòó wọn wó, gbogbo ìlà yẹn bá a lọ. Alábòójútó fẹ́ bínú. Ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu, ẹ̀rín ló sì jáde, ẹ̀rín àtijọ́ kan tó ń han gooro bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ti ṣí tipẹ́. Ó nu ojú rẹ̀. Ó dìde.

"Ó dáa. Mo gbà, mo dàgbà. '*Mo ra bàtà tuntun, ó ń ta mí lẹ́sẹ̀.*'" Ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Tèmi náà ń ta mí. Láti àárọ̀." Ó bọ́ bàtà níbẹ̀. "Ìyá, mo ti kà tèmi. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Ìyá gba rúlà padà. Ó kà á, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó nà án sí Wẹ́dà, Wẹ́dà kà á láti ilẹ̀ tó wà. Ó nà án sí Onídìrí, aránbàtà, alágbàfọ̀. Odò ti já ìdè. Nígbà tí wọ́n ka ojú pátákó tán, kò tó wọn. Wọ́n ka ohun tí àwọn ọmọdé kọ sára ògiri. Wọ́n ka ara páálí ṣọ́ọ̀kì. Ọkọ ìyàwó tuntun ka ara garawa pé, "Omi nìkan ni kí ẹ bù síbí," ó sì kọminú nípa ohun tó ti ń jù síbẹ̀. Onídìrí yí ọ̀gá àgbà ká, ó ka ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀: "'Ọba Bọ́ọ̀lù Orí Tábìlì.' Ọ̀gá, ta ló fi yín jọba?" Dírẹ́bà ń nawọ́ láti fèrèsé, ó ń ké, "Èmi náà! Èmi náà, Ìyá, ẹ nà án sí mi!" Ìyá nà án sí i, òun náà kà tirẹ̀.

Ọ̀gá àgbà wúkọ́ díẹ̀. "Sà, ní ti yàrá yìí…"

"Ta ló fẹ́ tì í?" alábòójútó bi í, bàtà rẹ̀ lábẹ́ abíyá. "Èmi kọ́. Ẹ wá bẹ́ǹṣì tó ga fún àwọn èèyàn yìí. Ẹ̀yìn ń ro mí." Ó wá kọjú sí Tíṣà. "Ọmọ mi, mo ti ti irú kíláàsì yìí pa rí, níbi tí wọ́n ti kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀."

Ó tó àkókò láti máa lọ. Alábòójútó dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá, ẹ máa kọjá."

"Háà, Bàbá! Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọjá."

"Rárá o, ẹ̀yin ni."

"Kí n ṣáájú yín? Kí ni wọ́n máa pè mí?"

Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń tẹrí ba fún ara wọn, gbogbo kíláàsì tò sẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó jẹ́ gbìyànjú láti kọjá. Tíṣà fara ti pátákó, ó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì fi kun gbogbo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Onídìrí ní oníbàárà ń dúró de òun. Ó ká aṣọ, ó gba ojú fèrèsé jáde. Alágbàfọ̀ tẹ̀ lé e. Wẹ́dà ní kí wọ́n sún fún òun.

Dírẹ́bà ni Wẹ́dà já lé. Ọrùn dírẹ́bà náà kò sì yí dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Bó bá fẹ́ wẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń wẹ̀yìn. Òun ló sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ nígbà kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló sì sọ ọ́ fún mi, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí gẹ́lẹ́.